Òòrùn Oṣù Kan Lọ́sàn-án Ọjọ́ Kan

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé kó tó sín rárá ni àwọn èèyàn á ti máa sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Tó bá wá sín tán, wọ́n á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ. Kì í ṣe dókítà, kò sì ṣe nọ́ọ̀sì rí. Bí wọ́n ṣe ń bójú tó ilé ìtajà ló kọ́ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ìjọba ní kó wá ṣe olórí ibẹ̀, ó sì gbà nínú ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá ti fi èèyàn ṣe ọ̀gá lórí nǹkan, ìmọ̀ nǹkan ọ̀hún á wọ inú ẹni náà fúnra rẹ̀, bí omi ṣe ń wọ inú kànìnkànìn.

Ẹ wo bí òwúrọ̀ ṣe máa ń rí níbẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yọ ní géètì, ẹ̀ṣọ́ á fọn fèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ á tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí títí dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n á sì máa kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Àgbà á sọ̀kalẹ̀, á ṣí fìlà, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n rí orí rẹ̀ tó pá, tó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹnì kan ti sọ fún un rí pé ọpọlọ ló kún orí náà tí kò fi sí àyè fún irun mọ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni Alukoro ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ Alukoro ni láti máa sọ ìròyìn ilé ìwòsàn fún aráyé, ṣùgbọ́n aráyé kì í gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà nìkan ló ń gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà," Alukoro á wí. "Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa kí ẹ tó dé."

"Èmi náà ṣàkíyèsí rẹ̀."

"Ẹ̀rọ ìtànṣán gan-an, sà, ó dún yàtọ̀ nígbà tí ọkọ̀ yín wọlé."

"Ó yẹ kó dún yàtọ̀," Ọ̀gá Àgbà á dáhùn, á sì rọra gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ìyìn tó kù má bàa ṣòfò.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dìde fún un láyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkùnrin yìí ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí tòsì, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì tọ́ ọ, tó ń ránṣọ fáwọn èèyàn títí tó fi rán an níléèwé dé òpin. Kékeré ló ń pè é láti ìgbà náà. Kò rí ìdí tó fi yẹ kó yí orúkọ padà torí pé wọ́n fún ọmọ náà ní ọkọ̀. Tó bá pè é lórí fóònù lọ́jọ́ tó ń ṣèpàdé, ohùn rẹ̀ á dé òpin tábìlì: "Kékeré, ṣé o ti jẹun?" Gbogbo àwọn èèyàn ńlá tó wà níbẹ̀ á sì tẹjú mọ́ bàtà wọn.

Ohùn yìí ló wá ṣàìsàn. Ó kọ́kọ́ ha, lẹ́yìn náà ó wálẹ̀ di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ ni wọ́n rí ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n ní kò tíì tóbi. Wọ́n ní bó bá ń gba ìtànṣán díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì fo ọjọ́, àǹfààní wà dáadáa pé àrùn náà á lọ, kí ohùn sì padà bọ̀. Wọ́n wá kìlọ̀ fún un pé kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lójú obìnrin yẹn, ìkìlọ̀ yìí le ju àìsàn lọ. Gbogbo nǹkan tó yẹ kó sọ fún àbúrò rẹ̀, inú ló ń kó wọn sí.

Ó ti gba ìtọ́jú náà dé ìdajì nígbà tí ìròyìn dé pé Mínísítà ń bọ̀ wá ṣèbẹ̀wò.

Lójú ẹsẹ̀ ni Ọ̀gá Àgbà pe ìpàdé. Ó dìde dúró, ó nu ẹnu, ó sì wo òkè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tó ń bọ̀ wá wo ilé yìí kì í ṣe ojú lásán. Àwọ̀ ògiri yàrá ìtànṣán ń tì mí lójú. Àwọ̀ eérú ni. Ṣé eérú ni èmi? Mo pàṣẹ kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kun yàrá náà. Kí wọ́n sì ya àwòrán mi sí òkè àjà, ní ọ̀gangan ibi tí aláìsàn ń kọjú sí tó bá dùbúlẹ̀, kó lè máa rí ìrètí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alukoro pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́, nítorí bisikíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Oníṣirò ni. Òun ló ń ṣírò iye ìtànṣán tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan máa gbà, ibi tó máa gbà á sí, àti ohun tí ara rẹ̀ máa fi í ṣe. Ìwé tó kà pọ̀ ju ti gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì yẹn lọ, kì í sì í fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ máa ti yàrá náà pa ni, sà?" ó bi í.

"Ọ̀dà kì í gbẹ níbi tí èèyàn ti ń wọlé tó ń jáde."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí tó fi máa dán."

"Jẹjẹrẹ ò ní dúró de ọ̀dà, sà. Tá a bá dá ìtọ́jú dúró láàárín, èyí tó ṣẹ́ kù lára wọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ọjọ́ tá a bá sì pàdánù, a gbọ́dọ̀ ṣírò bá a ṣe máa gbà á padà."

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fi tó jẹjẹrẹ létí pé Mínísítà ń bọ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alukoro rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú, ó wá wò ó bóyá Ọ̀gá ti rí i. Nígbà tó rí i pé ó ti rí i, ó dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti yàrá náà pa. Ògiri ò pẹ́ rárá, àwòrán ló pẹ́. Imú ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀gá Àgbà dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú, ó wo òkè, ó ní imú náà pọ̀ jù. Ayàwòrán gé e kù. Lọ́jọ́ kejì ó ní imú ti wá kéré jù, pé ó dà bíi ti ẹni tí kò lówó. Lẹ́yìn imú, etí. Lẹ́yìn etí, ó ní ojú ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ òun kì í wo ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo ibi lòun ń wò. Ní gbogbo ìgbà yìí, lóròòwúrọ̀, àwọn aláìsàn á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá náà á jókòó láàárín wọn pẹ̀lú báàgì lórí itan, wọ́n á gbóòórùn ọ̀dà, wọ́n á sì padà sílé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí imú ọ̀hún tó gún régé.

Nígbà tó gún régé, ó ku ọjọ́ méjì kí Mínísítà dé. Oníṣirò wá sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Ó ní òun ti ṣírò ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn kan á gba ìtànṣán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láwọn ọjọ́ kan, kí wákàtí mẹ́fà ó kéré tán wà láàárín, àwọn mìíràn á sì wá ní Sátidé, títí wọ́n á fi bá ọjọ́ tó ti kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n èrò kan ti wá sí Ọ̀gá Àgbà lọ́kàn nígbà tó ń wẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ máa ṣọ́ra fún ọ̀gá tí èrò bá bá ní balùwẹ̀. Kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́kun níbẹ̀, ọṣẹ á sì ti wọ̀ ọ́ lójú.

"Mo ti dá ètò tuntun sílẹ̀," ó wí. "Orúkọ rẹ̀ ni Parí-Ẹ̀-Lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo èyí tó kù fún aláìsàn, kó gbà á ní ìjókòó kan ṣoṣo, níwájú Mínísítà, kó máa lọ sílé. Bẹ́ǹṣì á ṣófo. Mínísítà á rí i pé ó ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni mo fi máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mò ń fi nǹkan dáadáa du ẹbí mi."

Oníṣirò gbé bisikíìtì rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ obìnrin yìí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí ló kù tó máa gbà?"

"Bí ìdajì."

"Ìdajì yẹn, bá a pín in, bá a kó o pọ̀, ṣé kì í ṣe ìdajì náà ni?"

"Lórí ìwé, ìdajì ni. Lára èèyàn, kì í ṣe ìdajì mọ́."

"Àròpọ̀ ni àròpọ̀," Ọ̀gá Àgbà wí. "Mo ti ń ṣòwò kó o tó mọ nọ́ńbà. Bí mo bá gbé páálí ọṣẹ kan wọ ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, tàbí kí ọkọ̀ kan já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọṣẹ ni ọṣẹ."

"Ọṣẹ kì í sùn kí ó tún ara rẹ̀ ṣe mọ́jú, sà. Ẹran ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Oníṣirò fa àga, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. "Ẹ fetí sílẹ̀. Ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ náà ló ń pa ẹran tó dáa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára. Tó bá jẹ́ díẹ̀, ẹran tó dáa á ti tún ara rẹ̀ ṣe kó tó di ọjọ́ kejì. Jẹjẹrẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ yẹn la ti ń borí rẹ̀, lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá wá da gbogbo rẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ẹran tó dáa ò ní ráyè mí. Ohun tó máa bà jẹ́ á ju iye tí ẹ rò pọ̀ yẹn lọ fíìfíì. Àwọn aláìsàn kan wà tá a máa ń fún ní púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ìṣirò ló ń sọ ẹni tó yẹ àti ibi tó yẹ lára rẹ̀. Ọ̀fun ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀fun yẹn á dí. Ohùn ò ní padà mọ́, omi gan-an lè má gba ibẹ̀ kọjá."

Ọ̀gá Àgbà fọwọ́ pa àgbọ̀n. Ẹ má rò pé ó ń ronú. Ó ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ti ju tirẹ̀ lọ ní gígùn.

"Ohun tí mo bá fojú rí ni mo gbà gbọ́," ó wí níkẹyìn.

Ara Oníṣirò ti gbóná, ó sì sọ ohun tó kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀. "Ẹ mú òòrùn. Lóròòwúrọ̀ ni òòrùn ń pa yín láti ìdí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, torí ìkíni ò jẹ́ kí ẹ tètè wọlé. Kò ṣe yín ní nǹkan kan rí. Ẹ wá ro ti oṣù kan pọ̀. Láti àárọ̀ títí ọjọ́ á fi rọ̀ ni. Ṣé ẹ lè jókòó gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ kan?"

"Mo lè gbà á," Ọ̀gá Àgbà wí.

"Ẹ máà dá a lábàá, sà. Mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni."

"Mo ti dá a. Lójú gbogbo èèyàn ni, lọ́jọ́ tí Mínísítà ń bọ̀. Bí mo bá jókòó gbà á tán, tí mo dìde, tí mo kí Mínísítà bó ṣe yẹ, ẹ̀gbọ́n mi á gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ á sì lọ máa ka aṣọ ní ilé ìfọṣọ."

"Bí ẹ ò bá lè ṣe é ńkọ́?"

"Kò lè ṣẹlẹ̀."

"Bó bá ṣẹlẹ̀?"

"Kó o máa ṣe ìṣirò rẹ bó o ṣe fẹ́," Ọ̀gá Àgbà wí, ó sì fọwọ́ lé e jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ó bá a lórí àga tó máa ń jókòó sí láti ránṣọ, ó ń wọ abẹ́rẹ́.

"Àǹtí, lọ́tùn-únla lẹ máa parí. Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ò ní jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́."

Obìnrin náà wò ó. Àbúrò rẹ̀ ní láti súnmọ́ ọn kó tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ. "Obìnrin oníṣirò yẹn ti bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ má dá a lóhùn. Ó mọ̀wé jù."

"Kékeré, ohùn mi ni o." Ó fọwọ́ kan ọrùn. "Òun ni mo fi pè ọ́ padà lọ́jọ́ tó o fẹ́ gorí kànga."

"Àǹtí, mo ti rò ó pọ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí ẹnu, ó rántí ìkìlọ̀ dókítà, ó sì pa á dé. Ó kó ìyẹn náà sínú.

Lọ́jọ́ tí Mínísítà ń bọ̀, wọ́n gbé àga onítìmùtìmù kan jáde sí àárín ọgbà ilé ìwòsàn. Kò sí igi kankan níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá Àgbà ti ní kí wọ́n gé wọn lọ́dún tó kọjá, torí wọ́n ń dí orúkọ rẹ̀ tó wà lára ògiri. Ó wọ kóòtù dúdú, ó so táì, ó ṣí fìlà. Nọ́ọ̀sì gbé omi wá, ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun kì í mu omi láàárín ìdí ọkọ̀ sí ọ́fíìsì, òun ò sì ní ṣe ojúsàájú.

Kó tó jókòó, ó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi, ẹ̀yin aláìsàn mi, àti ẹ̀yin aláìsàn tí ẹ ò tíì mọ̀ pé tèmi ni yín. Lónìí, èmi yóò jókòó, òòrùn yóò sì dúró. A ó wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀."

Àwọn tó máa ń kí i láàárọ̀ gbé àga tiwọn náà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ má gbé e wá. Akápò ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá ìyìn tí àwọn ń yin Ọ̀gá ń dé ọ̀nà jíjìn, ó sì lọ ń gbọ́ ọ láti inú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Olórí ẹ̀ṣọ́ ní òun rí ojú kan tí òun ò mọ̀ ní géètì. Ó sáré lọ síbẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ojú náà títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó kù ò tiẹ̀ wá àwáwí. Wọ́n kàn ń fa àga wọn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó wá ku Alukoro. Ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ kan, ó mú agboòrùn lọ́wọ́ kejì, orí ara rẹ̀ ló sì na agboòrùn náà lé.

"Òòrùn ọjọ́ Ajé ti wọlé," ó kéde. "Kò rí Ọ̀gá gbé ṣe. Òòrùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀rù ti ń bà á."

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ Ọ̀gá Àgbà. Ó ń rí gbogbo èèyàn tó ń wò ó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín wọn, àti Oníṣirò tí kò jẹ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òòrùn wá jókòó lé e lórí bí àlejò tó ti rí àpótí, tí kò sì fẹ́ lọ mọ́. Òógùn kọ́kọ́ ń dà. Nígbà tó ṣe, òógùn náà dáwọ́ dúró. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ó wo orúkọ rẹ̀ lára ògiri, lẹ́tà kan sì jáde láàárín àwọn yòókù, ó ń rìn lọ.

Ó ronú pé kí òun dìde. Àmọ́ ó ní bí òun bá dìde, wọ́n á sọ pé òṣìṣẹ́ òun gbọ́n ju òun lọ. Ó wá jókòó.

"Alukoro," ó wí, "ọjọ́ wo la wà?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, sà."

"Ọdún yìí náà?"

"Ọdún yìí náà, sà. Ẹ̀ ń ṣe dáadáa."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Oníṣirò ti ní kí àwọn nọ́ọ̀sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀, kí wọ́n sì so omi tí wọ́n máa fà sí Ọ̀gá lára kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti rin dé ìdí àga náà tó ń bẹ Ọ̀gá pé kó dìde, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀gá ti lé e padà.

Àárín ọ̀sẹ̀ kẹta ni òòrùn wà nígbà tí Mínísítà dé. Obìnrin tí kì í fẹ́ràn ìdúró ni, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, ó sì ti bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ráyè ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Ọ̀gá Àgbà gbọ́ pé Mínísítà ti dé. Ó kó gbogbo agbára tó kù jọ, ó dìde, ó ta gọ́gọ́, ó sì rìn tààrà lọ síwájú ìkòkò òdòdó kan. Ó tẹrí ba fún un.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n," ó wí, "ẹ ti ga ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ."

Mínísítà dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà," Alukoro wí. "Ó kàn ń fi ìkòkò yẹn ṣe ìdánrawò."

Ọ̀gá Àgbà di ìkòkò náà lọ́wọ́ mú. "Ẹ má bèèrè àwọn aláìsàn lọ́wọ́ mi. Mo ti lé wọn síta kí ọ̀dà lè gbẹ. Ẹ bá mi ká lọ wo imú mi lókè àjà. A tún un gé kó tó bá mi lára mu. Ẹ̀gbọ́n mi á sì gba gbogbo tirẹ̀ lónìí, kí bẹ́ǹṣì lè ṣófo fún yín." Ó wá gbójú sókè, ó rí òòrùn, inú sì bí i. "Ìwọ yìí, ta ló gbà ọ́ síṣẹ́? Láti àárọ̀ lo ti ń wò mí. Alukoro, kọ̀wé fún un. Kó máa lọ sí ilé ìfọṣọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Alukoro dáhùn, torí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. "Kí n kọ ọ́ pé láti òní?"

Ọ̀gá Àgbà fi ìkòkò náà sílẹ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìkòkò, bí ẹni tí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó lórí. Ọkùnrin náà la ojú díẹ̀.

"Àǹtí, ṣé oṣù ti parí?"

"Ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá," obìnrin náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dìde nílẹ̀."

Àwọn nọ́ọ̀sì gbé e lọ. Mínísítà yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa àwọn aláìsàn yẹn, ta ló máa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi?"

Oníṣirò ṣàlàyé. Kò bo nǹkan kan, kò sì fà á gùn: ọjọ́ tí wọ́n ti pàdánù, bí jẹjẹrẹ ṣe ń gbilẹ̀ láàárín, ohun tí àṣẹ Parí-Ẹ̀-Lẹ́ẹ̀kan máa ṣe fún ọ̀fun obìnrin yìí, àti ohun tí ìṣirò sọ.

"Kí lẹ wá fẹ́?" Mínísítà bi í.

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, mà."

Inú àpò Alukoro ni kọ́kọ́rọ́ náà wà. Ó ti yọ ọ́ jáde kí wọ́n tó bèèrè, ó sì ti ń sọ pé òun náà ti ń rò ó lọ́kàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mínísítà wọ inú yàrá, ó rí wúrà lára gbogbo ògiri, ó wo òkè, ó sì rí ojú ńlá kan tó ń wo gbogbo ibi.

"Kí nìyí?"

"Ìrètí ni, mà," Oníṣirò wí.

"Ẹ kùn ún pa."

"Wọ́n á tún ti yàrá pa nìyẹn, mà. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Àwọn aláìsàn á di ojú."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá gba ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tó yẹ kó gbà lójúmọ́, kò lé, kò dín. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì láwọn ọjọ́ tí ìṣirò ní kó wá lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní Sátidé. Ọ̀fun dùn ún gan-an títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó máa dúró, kó máa sinmi, kó ṣì má sọ̀rọ̀.

Ní ti Ọ̀gá Àgbà, orí rẹ̀ bó bí ọ̀dà àtijọ́. Kó tó jáde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Mínísítà ní kó máa bójú tó gbígbin igi sí ọgbà ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún un ní ọ́fíìsì kan tí kò fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ. Tó bá ń kọjá, kò sí ẹni tó ń dìde. Tó bá sín, òun nìkan ló ń gbọ́. Ọ̀gá mìíràn ti dé, irun rẹ̀ sì pọ̀ dáadáa. Alukoro ti sọ fún un pé ọpọlọ ló ń ti irun náà jáde.

Ohun tó ń ba ọkùnrin yìí lẹ́rù jù kì í ṣe ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ òòrùn yẹn, nígbàkigbà tó bá wá fún àyẹ̀wò, á yà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á wò ó láti òkè délẹ̀, á gbé ìka kan sókè, á sì lọ. Kì í sọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà á wá jókòó, á máa ronú bóyá dókítà ni kò tíì jẹ́ kó sọ̀rọ̀, tàbí ohùn náà ti lọ tán, tó sì jẹ́ pé ọ̀dà òun ló gbé e lọ. Kì í lè jẹun lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ń wo àwọn igi kéékèèké tí wọ́n kó wá, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó fa àga, ó gbé báàgì sórí itan.

"Kékeré."

Nínú ilé ìfọṣọ, wọ́n gbọ́ ọ. Ohùn náà ló pé pérépéré yẹn, ó tiẹ̀ dà bíi pé ó ti sinmi dáadáa. Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà.

"Àǹtí, ohùn yín ti padà."

"Ó ti padà. Àwọn dókítà wò ó láàárọ̀ yìí, wọn ò rí jẹjẹrẹ kankan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀. Jókòó."

Ó jókòó. Obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀. Orí ọ̀dà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí imú, ó bọ́ sórí àwọn igi tí wọ́n gé. Ó dé orí àwọn tó ń kí i láàárọ̀, ó sọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá padà sẹ́yìn, sí ìgbà tó wà níléèwé tó ní òun ti kọ́ iṣẹ́ tí kò kọ́, sí aṣọ ìyá wọn tó gé fi ṣe àsíá, sí ọ̀rẹ́ bàbá wọn tó bú lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ pa áyọ́ọ̀nù, wọ́n wá dúró sí ojú fèrèsé. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lórí ọdún tí Kékeré gbé ìyàwó. Ọkùnrin náà ti rì sínú àga, orí rẹ̀ ti wọ àárín èjìká.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi," ó wí. "Ẹ pín in fún mi díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ara mi ò lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó dìde, ó gbé báàgì kọ́ apá.

"Ó dáa," ó wí. "Màá wá láàárọ̀ ọ̀la. Bí n ò bá ráyè wá lọ́la, màá wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́tùn-únla, kí wákàtí mẹ́fà wà láàárín."